Bí A Ṣe Ń Bá Ẹni Tó Fẹ́ Pààrọ̀ Iṣẹ́ Rìn

Obìnrin kan wá bá mi ní Aṣèrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àpò ìwé wà lábíyá rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan níbí ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bi mí pé, "Àǹtí, kí ni kí n ṣe báyìí?"

Ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi. Mo mọ ilé ìwé kan tó ń wá akápò. Mo mọ ẹni tó ń ta ìrẹsì lódindi àpò ní Kútọ̀ tó ń wá alábàáṣe. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ tí èmi yàn ni ì bá lọ ṣe, lọ́jọ́ tó bá sì sú u, ọ̀dọ̀ mi ni ì bá tún padà sí.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n nílùú wa. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, àbúrò ìyá rẹ̀ á ti ní kó lọ ra kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní kó kó lọ sí Èkó, ẹlòmíràn á ní kó gbààwẹ̀. Ohun tó wọ́n ni ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò bi í ní ìbéèrè, tí yóò sì dákẹ́ kó gbọ́ èsì. Iṣẹ́ kóòṣì nìyẹn. Mo kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, ì báà jẹ́ olùkọ́, aṣáájú ìjọ, ẹ̀gbọ́n nínú ẹbí, tàbí ẹni tó fẹ́ fi jẹun.

Ìmọ̀ tí mo ń lò ni wọ́n ń pè ní positive psychology. Ní 1998, Martin Seligman di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà. Ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti pẹ́ jù lórí ohun tó ń ba ọkàn jẹ́, ó ní kí wọ́n fi irú aápọn kan náà wádìí ohun tó ń mú kí ènìyàn gbèrú. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e ni mo mú wá sílé. Kì í ṣe ìmọ̀ "ẹ ṣáà máa rẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ á dáa." Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ní kó máa wo dígí kó sì máa pe ara rẹ̀ ní olówó, ìkà ló ṣe.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fẹnu kò, kí ẹ sì mọ ibi tí agbára yín mọ

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sábà máa ń bá ènìyàn jókòó, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láàárín wọn. Ẹ sọ iye owó lọ́jọ́ kìíní, tàbí kí ẹ sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ ibi tí ẹ ó ti máa ríra. Abẹ́òkúta kò tóbi tó bí a ṣe rò: bí ẹ bá jókòó sí ilé oúnjẹ ní Pánṣẹ́kẹ́, ẹnìkan á kí yín, á sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí ìròyìn ṣáájú òun dé ilé àna. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá tilẹ̀ ni ó san owó yín, ohun tí ẹ bá gbọ́ kò gbọdọ̀ dé etí ẹ̀gbọ́n náà.

Kóòṣì kì í ṣe dókítà. Bí ẹni náà kò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, ẹ bá a wá dókítà. Bí ó bá ní ó sàn kí òun kú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ bá a lọ, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Aro kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n a ti sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú. Mo ti rí ẹni tó dìde kúrò níwájú mi nítorí pé mo dárúkọ ibẹ̀ láìmúra. Nísinsìnyí, ìtàn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo dá ètò kan sílẹ̀ ní Aro tí àwọn aláìsàn fi ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, tí wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ àti ará ilé lè wà lára oògùn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹsẹ̀ yín bá dá, ẹ ó lọ bá ẹni tó ń to egungun. Èyí náà ní oníṣègùn tirẹ̀. Màá bá yín lọ." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, àfi kí ẹ sì bá a lọ lóòótọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kó dárò iṣẹ́ tó lọ

Ohun tó ń bá iṣẹ́ lọ ju owó oṣù lọ. Orúkọ tí àdúgbò fi ń pe obìnrin yìí ni Ìyá Báǹkì. Ó ní òun ṣì ń jí ní aago márùn-ún, òun á wẹ̀, òun á wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nítorí pé kò sí ibi tí òun ń lọ. Bí ẹ bá ti ibẹ̀ fò lọ sí "kí lẹ fẹ́ ṣe báyìí?", ọgbẹ́ lẹ fi aṣọ bò yẹn.

Ní 1994, James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn fi ogún ìṣẹ́jú kọ ohun tó wà lọ́kàn wọn nípa iṣẹ́ tó lọ, lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn wọ̀nyí tètè ríṣẹ́ ju àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn tàbí tí kò kọ nǹkan kan. Wíwáṣẹ́ wọn kò pọ̀ ju ti àwọn yòókù. Ó jọ pé ìbínú tó ti rọlẹ̀ nínú wọn ló yí ìjókòó wọn padà níwájú ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́.

Ẹ fún un ní iṣẹ́ yìí lọ́sẹ̀ kìíní. Èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni kó fi kọ ọ́. Ẹni tí kì í kọ̀wé lè sọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀, kó sì pa á rẹ́ bó bá fẹ́. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kà á. Ohun tí ẹ ó bi í nígbà tó bá padà wá kò ju pé, "Kí lẹ rí níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ẹni tí yóò kì í

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù.

Ní 2004, Seligman àti Christopher Peterson to ìwà mẹ́rìnlélógún jọ tí wọ́n gbà pé gbogbo ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ló ń yìn wọ́n: ìgboyà, ìfẹ́ ẹ̀kọ́, àánú, ìfaradà, ìmoore, ẹ̀fẹ̀, ìrẹ̀lẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí ènìyàn lè dáhùn láti mọ èyí tó pọ̀ jù lára òun wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, VIA lorúkọ rẹ̀. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n n kì í fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá pé "kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa?", á wolẹ̀, á ní "a dúpẹ́." Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹnu ẹlòmíràn ló yẹ kí ìyìn ti wá.

Ẹ jẹ́ kó ti ibẹ̀ wá nígbà náà. Ẹ rántí bí ìyá àgbà ṣe ń kí ọmọ láàárọ̀: Àkànní, Àbẹ̀kẹ́, Àjàdí. Orí ọmọ á wú, á dúró ṣinṣin. Ìyá àgbà kò fún un ní ohun tí kò ní, ó ń rán an létí ẹni tó jẹ́. Irú oríkì bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ nílò, èyí tí a hun láti inú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ní Yunifásítì Michigan náà ti gbé irú ẹ̀kọ́ báyìí kalẹ̀: wọ́n ní kí ènìyàn gba ìtàn lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n nípa ìgbà tó ṣe dáadáa jù.

Ẹ ní kó yan ènìyàn márùn-ún sí mẹ́jọ tó ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ láti ìhà tó yàtọ̀ síra: oníbàárà kan, ẹlẹgbẹ́ kan, ẹnìkan nínú ilé, ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹnìkan tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Kó fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ lórí WhatsApp:

"Ẹ kú iṣẹ́, ma. Mo ń ronú lórí iṣẹ́ tó kàn fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọjọ́ kan tí mo ṣe nǹkan kan tó wú yín lórí. Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ni mo ṣe gan-an? Ẹ lè fi ohùn ránṣẹ́, kò pọn dandan kó gùn."

"Ọjọ́ kan" ni kó béèrè, kì í ṣe "irú ènìyàn wo ni mí." Bí ó bá béèrè ìwà, wọ́n á ní ó níwà pẹ̀lẹ́, gbogbo wa náà ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ìtàn ni kó gbà.

Ènìyàn méje ló dá obìnrin báǹkì yìí lóhùn. Ìyá kan tó ń ta ata ní Láfẹ́ńwá ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣàlàyé fún òun ìdí tí owó fi ń dín nínú àkáǹtì òun, kò fajú ro, ó sì kọ ọ́ sínú bébà ní Yorùbá kí ọmọ òun lè tún un kà fún òun nílé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan rántí alẹ́ kan tí owó kò bára mu. Gbogbo ènìyàn ń nàka sí ara wọn, obìnrin yìí ló ní kí wọ́n jókòó, tó bi kálukú ohun tó ṣe láti àárọ̀ títí wọ́n fi rí ibi tó ti ṣì. Àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n òun yìí ló kọ́ ìyá àwọn bí wọ́n ṣe ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ.

A jọ gbọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo ní kó máa kọ ọ̀rọ̀ ìṣe inú wọn sílẹ̀: ó ṣàlàyé, ó kọ, ó bi, ó kọ́. Nígbà tó di ìkárùn-ún, ó gbé bírò sílẹ̀. "Àǹtí, n kò rò pé iṣẹ́ báǹkì ni mò ń ṣe níbẹ̀. Mò ń mú ẹ̀rù owó kúrò lára àwọn ènìyàn ni." N kò lè sọ èyí fún un. Bí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, ìtùnú lásán ni ì bá kà á sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì. Nínú àwọn ohun tí wọ́n sọ wọ̀nyí, èwo ni ẹ bá ń ṣe tí ẹ kì í mọ̀gbà tí ilẹ̀ ń ṣú? Èwo ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tó ń tán yín lókun? Èkejì yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo ọdún mẹ́wàá nídìí ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe tí kò fún wọn láyọ̀ rí. Agbára náà sì lè pọ̀ jù: ẹni tó ní ìfaradà lè fi fara da ọ̀gá burúkú di ọjọ́ alẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ bi í ohun tó fẹ́ kí iṣẹ́ ṣe fún un

Ní 1997, Amy Wrzesniewski, tó ń wádìí ojú tí ènìyàn fi ń wo iṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ojú mẹ́ta ni ènìyàn fi ń wo iṣẹ́: àwọn kan ń wò ó bí oúnjẹ òòjọ́, àwọn kan bí àkàsọ̀ ipò, àwọn kan bí ìpè, ohun tí a rán wọn wá ṣe. Ẹ ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, kó yan èyí tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́dún yìí. Kò sí èyí tó rẹlẹ̀. Bàbá tó ní ọmọ mẹ́rin níléèwé lè fẹ́ iṣẹ́ tí yóò san owó dédé tí yóò sì dá a sílẹ̀ ní aago mẹ́rin. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ "ìpè" dà á láàmú.

Nígbà mìíràn, ibí ni ẹ ó ti mọ̀ pé kò nílò láti kúrò níbi tó wà. Bí ó bá lè yí apá kan iṣẹ́ náà padà, kó gba àwọn ọmọ tuntun kọ́, kó fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó lè tó o. Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Bó ṣe máa lọ kọ́ lẹ fi ń mọ̀ pé ẹ ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìrètí, àdúrà, àti orúkọ ohun tó dínà

C. R. Snyder, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìrètí, ní nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀: ìpinnu láti lọ, àti mímọ ọ̀nà tí a ó gbà. Ẹni tó ní ìpinnu tí kò ní ju ọ̀nà kan lọ, ọjọ́ tí ọ̀nà yẹn bá dí, ìrètí rẹ̀ ti tán. Nítorí náà, ìdí ohun kọ̀ọ̀kan tó bá ní òun fẹ́, ẹ ní kó kọ ọ̀nà mẹ́ta. Mẹ́ta gan-an. Ìkẹta ló máa ń le, òun náà ló sì máa ń yà yín lẹ́nu.

Gabriele Oettingen, onímọ̀ ọmọ Jámánì, rí ohun kan tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ń fi ọkàn yàwòrán iṣẹ́ aládùn jù, wọn kò fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ tó àwọn yòókù, iṣẹ́ tí wọ́n rí kò pọ̀ tó, owó wọn náà kò tó. Àwòrán náà ti tẹ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n tó dìde. Oògùn rẹ̀ ni pé kí ènìyàn ro ohun tó fẹ́, lójú ẹsẹ̀ kó sì ro ohun tó wà nínú òun tó lè dí i lọ́wọ́, kó wá ṣètò fún un.

Ní ọ̀dọ̀ wa, àdúrà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì bá a jà. Èmi náà ń gbàdúrà. Bí ẹnìkan bá ní "mo gbà á lórúkọ Jésù" tàbí "in shā Allāh," mo máa ń ṣe àmín tọkàntọkàn, mo sì máa ń bi í pé, "Kí lẹ rò pé yóò dí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀?" Obìnrin wa ní: ìtìjú. Òun kò fẹ́ kí àwọn oníbàárà àtijọ́ rí òun lọ́jà. Nígbà náà ni a kọ ètò tí Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ́ wa, èyí tó ń so ìgbà mọ́ ìṣe: "Bí mo bá rí oníbàárà mi ní Kútọ̀ tí mo sì fẹ́ yà gba ọ̀nà mìíràn, màá kọ́kọ́ kí i, màá sì sọ pé mo ti kúrò ní báǹkì, mò ń kọ́ àwọn ọlọ́jà bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó wọn." Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta níwájú mi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Kó tọ́ ọ wò, kó sì ka owó

Ẹ má jẹ́ kó ta ilẹ̀ nítorí ohun tí kò tíì fọwọ́ kàn. Herminia Ibarra, tó tẹ̀lé àwọn tó pààrọ̀ iṣẹ́ lágbàlagbà, rí i pé ìgbìdánwò kékeré ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ara rẹ̀, kì í ṣe àròjinlẹ̀ nìkan. Olùkọ́ kẹ́mísírì kan tí iṣẹ́ ti sú sọ fún mi pé aláró ni òun fẹ́ dà. Mo ní kó lọ lo Àbámẹ́ta mẹ́rin ní àgbàlá aláró kan ní Ìtòkú, kó sì fi ara rẹ̀ ṣe ọmọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, òórùn kẹ́míkà àti oòrùn ọ̀sán pa á pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó rí i pé ojú ni wọ́n fi ń wọn sódà sínú omi aró, ó sì ń jó àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Ó mú òṣùwọ̀n àti ìbọ̀wọ́ wá lọ́sẹ̀ kẹta, ó kọ́ wọn. Ó délé, ó ní òun kò fẹ́ ṣe aláró mọ́. Àwọn aláró ni òun fẹ́ máa kọ́. Àbámẹ́ta mẹ́rin àti owó ọkọ̀ ló ná an.

Ní ti owó, kóòṣì tó bá ń sọ̀rọ̀ ayọ̀ tí kò béèrè owó kò tíì ṣe tán. Ẹ jọ kọ ohun tí ilé ń ná lóṣù: oúnjẹ, ilé, iléèwé, oògùn, iná, ohun tí à ń fi ránṣẹ́ sí òbí. Ẹ fi pín ohun tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń ná ₦150,000 lóṣù tó ní ₦600,000 ní oṣù mẹ́rin, kò ní ọdún kan. Ẹ ka àjọ tó ń dá mọ́ ọn: ìgbà wo ló máa kó o? Ẹ ka gbèsè náà. Bí oṣù mẹ́rin bá ni, ẹ jẹ́ kó wá iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ tí yóò gbé oúnjẹ wá nígbà tó ń dán tuntun wò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọkọ tàbí aya gbọ́dọ̀ rí ìwé ìṣirò yìí, nítorí ìjà tó ń tú ètò ká kì í sábà ti ọjà wá, inú ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dá àáró sílẹ̀

Àáró ni Lísàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́: lónìí a wà lóko rẹ, lọ́la a wà lóko mi. Bí ẹ bá ní ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ lásìkò kan náà, tí wọ́n sì gbà, ẹ so wọ́n pọ̀. Lọ́sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo wọn ó gbé: ẹnìkan á tún ìwé rẹ̀ kà, ẹnìkan á bá a ṣe bí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́, ẹnìkan á fún un ní orúkọ méjì tó lè lọ bá. Ọ̀sẹ̀ tó kàn, oko ẹlòmíràn.

Ẹ ní kí wọ́n má ṣe wá àwọn ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nìkan. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi hàn pé àwọn tó ríṣẹ́ nípasẹ̀ ojúlùmọ̀ sábà máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọn kì í rí lemọ́lemọ́. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ mọ ohun tí a mọ̀. Ẹni tí a jọ lọ sí iléèwé gíga tí a kò rí láti ọdún mẹ́wàá mọ ibi tí a kò dé. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ìsìnkú, ìkómọjáde, gbogbo ibi tí à ń lọ jẹun yẹn, ọjà iṣẹ́ ni bí a bá lè la ẹnu wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ohun gbogbo bá le

Ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ á dé. Wọ́n á ní "a ó pè yín," wọn kò ní pè. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ní kó máa kọ nǹkan rere mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ lálaalẹ́, kó sì kọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣẹlẹ̀. Nínú ìwádìí tí Seligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005, inú àwọn tó ṣe é dùn díẹ̀ sí i, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù mẹ́fà. Ìdí yẹn ni kí ẹ tẹnu mọ́. "Wọ́n ra ọjà lọ́wọ́ mi" kò tó; "wọ́n ra ọjà nítorí pé mo jí lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́" ló ń fi ọwọ́ rẹ̀ hàn án.

Ìjókòó ìkẹyìn

Ẹ mú àwọn ìtàn tó gbà ní ìgbésẹ̀ kẹta padà wá, kó kà wọ́n sókè, kó sì fi ìtàn kan kún un láti inú oṣù mẹ́ta tó kọjá. Ẹ bi í pé, "Bí mi ò bá sí níbẹ̀ mọ́, ta ni ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀?" Bí kò bá ní orúkọ kan tó lè dá, ẹ kò tíì ṣe tán. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ kan sílẹ̀, oṣù mẹ́ta sí i, tí ẹ ó pè é.

Nígbà tí mo pe obìnrin báǹkì náà, ó wà ní Láfẹ́ńwá, ariwo ọjà pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń ṣe akápò ní iléèwé kan láàárọ̀, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ sì ni ó fi ń kọ́ àwọn obìnrin mẹ́sàn-án bí wọ́n ṣe ń ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọbẹ̀. Owó rẹ̀ kò tíì tó ti báǹkì. Ó ní kí n dúró díẹ̀, ó yí fóònù sápá kan, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkan pé, "Ìyá, ẹ má bẹ̀rù, ẹ mú ìwé yẹn wá, a ó jọ tún un kà."